Abẹ́rẹ́ Àlàmísì

Ní ọdún 1982, gbogbo Àlàmísì ni ọkọ mi, Mùstàfá, máa ń gbé ìyáálé mi sẹ́yìn alùpùpù láti Ìràwọ̀ lọ sí Ṣakí, kí Dókítà Ògúndìran lè gún orúnkún rẹ̀ lábẹ́rẹ́. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Ṣáínà ni dókítà yìí ti kọ́ iṣẹ́ náà. Abẹ́rẹ́ tirẹ̀ kò ní oògùn nínú. Yóò kàn fi í sílẹ̀ lára èèyàn fún ìgbà díẹ̀, yóò sì yọ ọ́.

Bí Àlàmísì bá bọ́ sí ọjọ́ tó jẹ́ èmi ni mò ń dáná fún ọkọ wa ńkọ́? Kò kàn wọ́n. Ọbẹ̀ mi á tutù.

Ìyá Ràmọ́nì, ìyáálé mi, ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé ẹ̀rù ba òun lọ́jọ́ àkọ́kọ́ débi pé Mùstàfá jókòó ti òun, ó di òun lọ́wọ́ mú títí dókítà fi ṣe tán. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé sùn, òun ni mo gbé jí. Ó di ọdún méjì tí mo ti wọlé yìí, ọkọ mi kò dì mí lọ́wọ́ mú rí níṣojú ẹnikẹ́ni.

Èjìká mi ti ń ro mí díẹ̀díẹ̀ tẹ́lẹ̀, iyán gígún ni. Mo wá ń jẹ́ kó ro mí sókè. Bí mo bá ti gbé ọmọ odó, n ó kérora kí Mùstàfá lè gbọ́. Níkẹyìn, ó ní kí n múra, pé èmi lòun yóò gbé ní Àlàmísì.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Ìyá Ràmọ́nì pè mí sídìí àdògán.

“Ìyàwó, jẹun kí o tó lọ o. Wọn kì í gún ẹni tí ebi ń pa.”

Mò ń san ààwẹ̀ tó bọ́ lọ́wọ́ mi nínú Ràmàdáánì, ó sì mọ̀. Mo wí nínú ara mi pé ṣe ló fẹ́ ba ààwẹ̀ mi jẹ́, nítorí pé òun kọ́ ni wọ́n ń gbé lónìí. Mo dá a lóhùn létí ọkọ wa pé ẹ̀rù abẹ́rẹ́ kì í ba èmi, kí àwọn tí ẹ̀rù ń bà máa jẹun.

Nígbà tí a dé Ṣakí, dókítà bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fi abẹ́rẹ́ náà hàn mí, tín-ín-rín bí irun ìrù ẹṣin. Ó ní yóò ta mí bí èèrà, lẹ́yìn náà ibẹ̀ yóò wúwo, yóò sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kí n má mira, kí n pe òun bí nǹkan kan bá ṣe mí.

Mo bojú wo ọkọ mi. Ó ti ń jáde lọ.

“Ẹ̀rù kì í ṣáà ba ìwọ,” ló wí. “Mo wà lábẹ́ dóńgóyárò.”

Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ kò tiẹ̀ tó èèrà. Ìkejì wúwo bí ìgbà tí èèyàn gbé ọlọ lé mi. Ìyẹn kọ́ ló dùn mí. Àpótí kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò sí ẹni tó jókòó lé e, mo sì mọ ẹni tó ti jókòó lé e rí, àti ẹni tó jókòó nítorí rẹ̀. Mo tẹjú mọ́ àpótí náà títí ó fi di méjì lójú mi. Òógùn tútù bò mí. Ó yẹ kí n pe dókítà, ojú ń tì mí.

Òun fúnra rẹ̀ ló wẹ̀yìn wò tó rí ojú mi. Ó yára yọ àwọn abẹ́rẹ́ náà, ó gbé ẹsẹ̀ mi sókè, ó ní kí wọ́n po ṣúgà sómi fún mi, mo sì mu ún. Bí ààwẹ̀ mi ṣe bàjẹ́ nìyẹn. Ó ní kò tún sí abẹ́rẹ́ fún mi lónìí, kí n padà wá nígbà tí mo bá ti jẹun.

Mùstàfá sáré wọlé. Ó bi mí ṣé Ìyá Ràmọ́nì kò sọ fún mi ni.

“Ó sọ fún mi,” ni mo wí. “Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ẹ jókòó tì mí.”

Ó wò mí títí. Ó jókòó.

Nígbà tí a délé, Ìyá Ràmọ́nì kò bi mí bóyá mo jẹun. Ohun tó rọra bi mí ni pé ṣé ọkọ wa jókòó tì mí.

Mo ní ó jókòó.

“Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ló wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ iná tó ti ń jó geere.