Ọ̀jọ̀gbọ́n Inú Ìgò

Bàbá Dọ́lápọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jáde. Ẹ jẹ́ kí n rọ́ àlá mi fún yín ná. Ẹ mọ sóbò tí èmi àti ọ̀jọ̀gbọ́n wa ń ṣèwádìí lé lórí ní yunifásítì, èyí tí kì í tètè kan? Mo lálàá pé a gbé e lọ sí ilé-iṣẹ́ ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan. Inú wa ń dùn pé iṣẹ́ wa máa dé ìgboro.

Máníjà ibẹ̀ tọ́ ọ wò, ó ní, "Ó dáa gan-an. Ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n nawọ́ sókè. Kí n tó ṣẹ́jú, wọ́n ti wà nínú ìgò! Ìgò kékeré tí à ń rà mu yìí o. Wọ́n jókòó sínú sóbò pupa náà tòun ti kóòtù àti awò ojú wọn, ó mù wọ́n dé àyà, wọ́n ń fi ìka kan ìgò láti inú, ẹnu wọn ń lọ, n kò sì gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀rọ ń gbé ìgò náà lọ síbi tí wọ́n ti ń tẹ ìdérí mọ́ ọn.

Mo figbe ta: "Ẹ̀yin sà, ènìyàn ló wà nínú ìyẹn!"

Máníjà rẹ́rìn-ín sí mi. "Mà, ṣebí ìmọ̀ yín la ní kí ẹ mú wá. Ibo lẹ fẹ́ ká rọ ọ́ sí?"

Mo di ìgò náà mú, mo fà á, kò wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń wò mí. Irin ìdérí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, mo ti ọwọ́ mi bọ abẹ́ rẹ̀, ni mo bá lajú.