Pákó Àárín Yàrá

Ẹ̀gúsí ni Màmá ń bó lọ́wọ́ ní ìsàlẹ̀ ilé nígbà tí eruku ya lu inú àwo rẹ̀. Ó gbójú sókè. Ẹsẹ̀ ènìyàn kan ló rí tó yọ láti inú àjà, tòun ti bàtà, tó ń ju ara rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Bọ́lárìnwá," ó pè é, kò tilẹ̀ dìde, "ṣé ẹsẹ̀ rẹ nìyẹn?"

"Èmi ni, Màámi."

"Ṣé o fara pa?"

"N kò tíì mọ̀."

"Bó o bá ti mọ̀, kó o fà á sókè. O ti da eruku sí mi lẹ́gúsí."

Comfort, ìyàwó rẹ̀, ló fà á yọ. Bó ṣe ń fà á ló ń rẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ẹni tó lè rí ọ̀gá tíṣà nínú ipò bẹ́ẹ̀ kó má rẹ́rìn-ín. Pákó ti bó o lójúgun díẹ̀, ṣùgbọ́n egungun kò ṣẹ́. Nígbà tí Comfort wá wo ihò náà dáadáa, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni Abíọ́lá, ọmọ wọn tó jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́sàn-án, ti rákò kọjá láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Bàbá Abíọ́lá," ó ní, "ká ní ọmọ yìí ni ńkọ́?"

Wọn ò tíì pẹ́ tí wọ́n kó dé. Ọdún yẹn ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, tí ọmọ bo gbogbo iléèwé bí eéṣú, tí wọ́n sì gbé Bọ́lárìnwá kúrò ní Ìṣẹ̀ wá sí Ìkẹ́rẹ́, ìlú rẹ̀. Ilé bàbá rẹ̀ ló kó ìyàwó àti ọmọ wá. Bàbá náà, olóògbé Akíndélé, ló kọ́ ilé náà nígbà tí kòkó rẹ̀ kọ́kọ́ so dáadáa. Amọ̀ ni ògiri rẹ̀, ṣùgbọ́n pẹ́tẹ́ẹ̀sì ni, kìkì pákó ni ilẹ̀ òkè rẹ̀, àpáta Olósùnta sì ń wo ènìyàn lójú láti ojú fèrèsé. Lẹ́yìn tí Bàbá kú ni Màmá kó sọ̀kalẹ̀ nítorí orúnkún rẹ̀, òkè wá di ti òjò àti ikán. Àga ńlá Bàbá ṣì wà níbẹ̀, àga ìrókò gíga tí apá rẹ̀ fẹ̀ tó ohun tí à ń gbé àwo iyán lé. Apá kan ti ń mì. Eruku orí rẹ̀ nípọn débi pé ènìyàn lè fi ìka kọ orúkọ sí i.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ránṣẹ́ pe Bàbá Fáníyì, káfíńtà tó ti jẹ́ ọ̀rẹ́ Bàbá láti ìgbà èwe. Ó kúnlẹ̀, ó ń fi òòlù kan pákó níkọ̀ọ̀kan, ó ń dẹtí sí i bí dókítà.

"Èyí ti kú," ó ń wí. "Èyí náà ti kú. Arère ni, òjò ló pa á. Ṣùgbọ́n ti àárín yìí, ìrókò ni. Ikán kò lè rí i jẹ."

Pákó àárín kò jẹrà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ènìyàn ti jẹ ẹ́. Láti ojú fèrèsé dé ìdí àga ńlá, ojú rẹ̀ ti rì wọnú bí ọ̀nà oko, ó sì fi orí ìṣó sílẹ̀ sókè.

Màmá fọwọ́ ti orúnkún gun àtẹ̀gùn wá bá wọn. Ó mí díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá Káfíńtà, gbogbo èyí tó ti jẹrà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ti àárín yìí, ẹ fi sílẹ̀."

"Orí ìṣó ń yọ, Ìyá Bọ́lárìnwá. Kí n kúkú fá a kó dọ́gba."

"Ẹ kan ìṣó wọlé. Ẹ má fá a. Ulé mi ni, mo mọ ohun tí mo ń sọ."

Nígbà tí Màmá bá ti fi ohùn Èkìtì pe ilé ní "ulé" bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Bọ́lárìnwá náà rò pé òun mọ ìdí rẹ̀. Ó rántí bí Bàbá ti máa ń dúró lójú fèrèsé wo ojú ọjọ́, tí yóò sì padà sórí àga rẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ ni Màmá kò fẹ́ kó parẹ́. Àánú rẹ̀ ṣe é.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Màmá lọ sí abà láti sá kòkó. Ọjọ́ kejì tó lọ ni Abíọ́lá rákò gba àárín yàrá, tí ẹ̀gún pákó wọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó wọlé jinlẹ̀. Abẹ́rẹ́ ni Comfort fi wá a jáde, ọmọ ń ké, ìyá náà ń ké. Nígbà tí Bọ́lárìnwá dé láti iléèwé, ó bá ìyàwó rẹ̀ tó ń di ẹrù.

"N kò bá Màmá jà o," ni Comfort wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Wọ́n ṣe ìyá fún mi. Ṣùgbọ́n màá gbé ọmọ mi lọ sọ́dọ̀ àwọn ará mi ní Ìṣẹ̀ títí ilẹ̀ yìí yóò fi di ilẹ̀ tí ọmọ lè rá. Ọjọ́ tó bá dáa, kí o wá mú wa."

 Bọ́lárìnwá gòkè lọ bá Fáníyì, ẹni tó ń kan pákó tuntun mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri.

"Bàbá, ẹ bá mi fá àárín náà."

Fáníyì gbé òòlù sílẹ̀. "Ìyá rẹ ti gbà?"

Bọ́lárìnwá kọjú sí fèrèsé. Òun tó ń na ọmọ ọlọ́mọ nítorí irọ́ ní iléèwé, òun náà ló dáhùn pé, "Wọ́n ti gbà."

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi fá a. Pákó fífá ń ká jáde lábẹ́ ìfági bí irun ọmọ tuntun, òórùn ìrókò gba gbogbo ilé. Ilẹ̀ tó ti dúdú láti ọjọ́ tó ti pẹ́ wá yọ àwọ̀ oyin. Bọ́lárìnwá kúnlẹ̀, ó ń fi sáńpépà ha á, kò rántí oúnjẹ. Comfort tú ẹrù rẹ̀. Abíọ́lá rá láti ògiri dé ògiri, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì lu ilẹ̀, ó ń pariwo ayọ̀. Inú Bọ́lárìnwá dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi gbàgbé pé òun jẹ̀bi.

Ọjọ́ Sátidé ni Màmá dé. Ó gbé kókò tó kó bọ̀ kalẹ̀, ó gun òkè. Orí àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn ló ti dúró. Ó wo fèrèsé, ó wo àga, ó wo ilẹ̀. Ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀, ó sì fi àtẹ́lẹsẹ̀ rọra wá nǹkan lára pákó náà, bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ já bọ́. Kò rí i.

"Bàbá Káfíńtà," ó ní, "kí ni mo wí fún yín nípa pákó yìí?"

Fáníyì wo Bọ́lárìnwá. Bọ́lárìnwá wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Mo ti gbọ́," ni Màmá wí, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò tíì sọ nǹkan kan. Ó sọ̀kalẹ̀. Kí oòrùn tó rọ̀, ó ti di aṣọ méjì sínú ìdì kan, ó ti padà sí abà.

Fáníyì kó irinṣẹ́ rẹ̀ jọ láì pariwo. "Mo ti ń jẹun nínú ilé yìí kí wọ́n tó bí ọ," ó ní. "O wá fi irọ́ kan sọ mí di ẹni tí kò ka ìyá rẹ sí. Wá ẹlòmíràn tí yóò bá ọ parí rẹ̀."

Kò wá ẹlòmíràn. Bó bá ti iléèwé dé lójoojúmọ́, yóò bọ́ aṣọ, òun fúnra rẹ̀ yóò sì kan pákó tó kù. Ó kan ara rẹ̀ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Comfort ń di pákó mú fún un.

"Èmi ni mo ní kí o tún ilẹ̀ ṣe," ló wí lọ́jọ́ kan. "Kì í ṣe èmi ni mo ní kí o purọ́. Ṣùgbọ́n n kò lè dákẹ́ kí ìwọ nìkan máa jẹ ẹ̀bi rẹ̀. Lọ bẹ Màmá."

"Kí n tún àga Bàbá ṣe ná. Bí wọ́n bá rí i pé ó ti ń dán, bóyá inú wọn yóò rọ̀."

Ó dojú àga dé, ó mú òòlù láti tú apá tó ń mì. Ó nà án sókè. Kò lè sọ ọ́ kalẹ̀. Ó dojú àga náà sókè padà, ó gbé òòlù ti ògiri, ó sì lọ gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Ó bá Màmá níwájú abà, ó ń fi ẹsẹ̀ yí kòkó lórí ẹní. Bọ́lárìnwá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku.

"Dìde. Aṣọ rẹ nìyẹn nínú eruku."

"Màámi, mo purọ́. Mo ní ẹ ti gbà. Ẹ̀gún pákó wọ ọmọ lọ́wọ́ títí ó fi ṣẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe àwáwí. Mo mọ̀ pé ojú ẹsẹ̀ Bàbá ni, mo sì fá a nù."

Màmá dá ẹsẹ̀ dúró. "Ojú ẹsẹ̀ ta?"

"Ti Bàbá."

Ẹ̀rín gba ẹnu Màmá kó tó lè dì í mú. "Bàbá rẹ? Akíndélé tí mo mọ̀, tó jẹ́ pé tó bá ti jókòó, ó di ìgbà tí ebi bá tún pa á? Ìrìn wo ni bàbá rẹ ń rìn nínú yàrá?" Ó fi ọwọ́ gbá àyà ara rẹ̀. "Èmi ni mo rìn ín. Ọmọ mẹ́ta ni mo ti sin kí o tó dé. O dé, o ò gbà kí n jókòó. Mo jókòó, o figbe ta. Mo ń rìn, o dákẹ́. Láti ojú fèrèsé dé ìdí àga, láti ìdí àga dé ojú fèrèsé, ìwọ lẹ́yìn mi. Ẹsẹ̀ mọ́kànlá ni àlọ, mọ́kànlá ni àbọ̀. Mo ní bí mo bá ṣáà ti ń rìn, ikú kò ní bá wa níbi tó fojú sí. Àwọn àbúrò rẹ náà dé, mo pọ̀n wọ́n rìn ín. Ṣùgbọ́n ìwọ ni mo kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ ikú lórí pákó yẹn."

Bọ́lárìnwá jókòó sílẹ̀ pátápátá.  "Màámi, kí ló dé tí ẹ ò fi sọ fún mi?"

"Ṣé wọ́n ń sọ irú rẹ̀ fún ọmọ ni? Kí n ní, 'Wo bó o ṣe dà mí láàmú tó'?"

Omi dà lójú Bọ́lárìnwá, kò nù ún. "Kò sí bí mo ṣe lè dá a padà."

"Igi tá a ti fá, ta ní í lẹ̀ ẹ́ padà? Ẹni tí mo tìtorí rẹ̀ rìn ín ló jókòó síwájú mi yìí, ó ti hu irùngbọ̀n. Kì í ṣe pákó ló dùn mí, Bọ́lárìnwá. O dúró de ẹ̀yìn mi. Ká ní o wá sọ fún mi pé ọmọ ń ṣẹ̀jẹ̀, ṣé màá ní kó máa ṣẹ̀jẹ̀ ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Màámi."

Màmá tún yí kòkó díẹ̀. "Àga ńkọ́? Ìyẹn náà, o ti fá a?"

"N kò tíì fọwọ́ kàn án. Òun gan-an ni mo wá béèrè, bí ẹ bá fẹ́ kí n tún un ṣe, àti bí ẹ ṣe fẹ́ kó rí."

Màmá wò ó títí. Ó gbọn eruku kòkó kúrò lẹ́sẹ̀. "O wá béèrè," ó ní. "Jẹ́ kí n wé gèlè mi. Ilé Bàbá Káfíńtà la ó kọ́kọ́ yà. Ibẹ̀ náà, o ó dọ̀bálẹ̀."

Ó dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀. Fáníyì fi í sílẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀ kó tó ní kó dìde, lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá Comfort ti gún iyán.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Fáníyì tú apá àga, ó tún un lẹ̀, Bọ́lárìnwá ha gbogbo ara rẹ̀, Comfort sì fi òróró pa á títí ó fi ń dán. Wọ́n gbé e sí àárín yàrá, wọ́n pe Màmá wá wò ó. Màmá yí i po lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò rí rí ṣẹlẹ̀: ó jókòó sí i.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Ó ń rọ̀ dirodiro bí ẹsẹ̀ ọmọdé lórí bẹ́ńṣì ṣọ́ọ̀ṣì. Comfort yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí ẹ̀rín.

"Ẹ gé ẹsẹ̀ rẹ̀," ni Màmá wí.

"Ẹsẹ̀ àga?" Fáníyì béèrè.

"Àbí ẹ lè fa tèmi gùn ni?"

Bọ́lárìnwá di apá àga mú. "Màámi, àga Bàbá ni. Bí a bá gé e, kò lè gùn padà mọ́."

"Mo mọ̀. Bàbá rẹ ti jókòó tó. Gbogbo ìgbà tí mo fi wà nílé yìí, nínù ni mo ń nù ún. Ó kàn mí."

Fáníyì fa pẹ́ńsùlù yọ létí, ó nà án sí Bọ́lárìnwá. Bọ́lárìnwá kúnlẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀, ó wọn àlàfo tó wà láàárín gìgísẹ̀ rẹ̀ àti pákó, ó sì fà á ní ìlà sí ẹsẹ̀ àga.

"Ṣé ibí yìí, Màámi?"

"Sókè díẹ̀."

"Ibí ńkọ́?"

Màmá fara tẹ̀ síwájú lórí àga, ó wo ìlà náà fínnífínní.

"Ibẹ̀ yẹn dáa," ó ní. "Gé e."

Bọ́lárìnwá mú ayùn.