Ẹ́ńjìnì Wilf Sugden

"Ẹ má fọwọ́ kàn án! Ẹ jẹ́ kí n rí i ná!"

Leonard Garbutt ló ń pariwo bẹ́ẹ̀, alága ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ọkọ̀ ojú irin kékeré ṣeré nílùú Batley. Ẹ́ńjìnì Wilf Sugden, àgbà inú ẹgbẹ́ náà, ló já bọ́ láti orí tábìlì, tó fọ́ yángá sílẹ̀ gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, níwájú àwọn tó wá wòran. Táyà rẹ̀ kan ṣì ń yí lọ lábẹ́ àga.

Gbogbo èèyàn ń bi ara wọn pé kí ló ṣẹlẹ̀. Garbutt ò bi ẹnikẹ́ni. Òun ló fà á, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ́ńjìnì kọ̀ọ̀kan ló ní ọpọlọ kọ̀ǹpútà bíńtín nínú, ọpọlọ náà sì ní nọ́ńbà tó ń jẹ́. Èèyàn á tẹ nọ́ńbà yẹn sínú rìmóòtù ọwọ́ rẹ̀, á yí bọ́tìnì, ẹ́ńjìnì á sì gbéra. Tuntun tó bá ti ilé ìtajà dé, nọ́ńbà mẹ́ta ni gbogbo wọn máa ń jẹ́. Bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà mẹ́ta, ti Wilf ni. Ó kùn ún sára ẹ́ńjìnì tó fi fáìlì tí wọ́n fi ń ha irin àti òjé ṣe nígbà tí Garbutt ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ fi ṣòfin pé ẹ́ńjìnì tuntun ò gbọdọ̀ fara kan ojú irin láìjẹ́ pé wọ́n yí nọ́ńbà rẹ̀ padà. Ta ló lẹ òfin ọ̀hún mọ́ ògiri? Garbutt. Ta ló ń kà á sí àwọn ẹni tuntun létí bíi pásítọ̀? Garbutt náà ni.

Àmọ́ àwọn mẹ̀kúnnù ni wọ́n ń ṣòfin fún, àbí? Láàárọ̀ yẹn, ọ̀gbẹ́ni alága ra ẹ́ńjìnì aláwọ̀ ewé kan, ó ń dán gbinrin, ara rẹ̀ ò sì gbà á kó ní sùúrù. Ó gbé e sórí irin, ó tẹ mẹ́ta, ó yí bọ́tìnì dé òpin. Lápá kejì tábìlì, wọ́n ti gbé afárá tí wọ́n máa ń ká sókè kí èèyàn lè kọjá. Ẹ́ńjìnì Wilf dúró jẹ́ẹ́ síwájú àlàfo yẹn. Mẹ́ta ni òun náà ń jẹ́; ló bá ta kìjí, ó di ilẹ̀.

Ti Garbutt náà sún síwájú, ṣùgbọ́n ta ló ráyè wò ó? Kíá ló pa á, ó ti rìmóòtù bọ àpò.

"Ọwọ́ bàbá ló gbọ̀n," ni Avril tó ń pín tíì wí. "Ṣebí mo sọ bẹ́ẹ̀."

Ó sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Òun àti Garbutt ló dábàá lóṣù tó kọjá pé kí Wilf fi rìmóòtù sílẹ̀, torí ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Ẹgbẹ́ ní kí wọ́n fi ìpàtẹ yìí dán an wò: bí nǹkan kan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó parí. Látìgbà tí ìyàwó Wilf ti kú, gbọ̀ngàn yìí nìkan ló kù tó ti ń bá èèyàn sọ̀rọ̀.

Garbutt lanu. Ọmọlúàbí ì bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Òun, ńṣe ló wúkọ́.

"Ẹ má jẹ́ kó dùn yín, Wilf. Ọjọ́ orí ò ṣeé bá jà. Ẹ gbé rìmóòtù yẹn wá."

Wilf bọ́ ọ lọ́rùn, ó fún un. Ó kúnlẹ̀, ó ń ṣa ẹ́ńjìnì rẹ̀ sínú agolo bisikíìtì, kò sì kánjú rárá. Nígbà tó jáde, Garbutt tẹ̀ lé e dé ìdí mọ́tò. Ó lóun fẹ́ tù ú nínú. Ojú ò tì í!

"Ẹgbẹ́ á bá yín ra òmíì, Wilf."

"Leonard, lọ yí nọ́ńbà ẹ́ńjìnì ẹ kúrò ní mẹ́ta, kó tó ba ti ẹlòmíì jẹ́."

Alága di ilẹ̀kùn mọ́tò mú. "Ẹ... ẹ rí i?"

"Mo rí tìẹ náà tó sún. Ife tíì ni mo gbé dání. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n lóòótọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi méjèèjì gbé e. Rìmóòtù wà lọ́rùn mi. Avril fúnra ẹ̀ ló gbé tíì ọ̀hún fún mi."

"Kí ló wá dé tẹ́ ò sọ̀rọ̀?"

"Mò ń dúró dè yín ni, ìwọ àti Avril. Gbogbo ìgbà tí mò ń ṣa irin nílẹ̀, mò ń dúró dè yín. Mi ò ní wá mọ́ o. Ẹ má sì pè é ní ọ̀rọ̀ ọwọ́ mi."

Garbutt wẹ̀yìn, ó wo ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ṣé ẹ ò ní sọ fún wọn?"

Wilf wò ó bí èèyàn ṣe ń wo nǹkan tó tẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Èmi ò ní sọ nǹkan kan. Ìwọ ni alága wọn, wọ́n tọ́ sí ẹ, ìwọ náà sì tọ́ sí wọn."

"Ẹ ṣeun, Wilf," ni Garbutt wí. "Ẹ ṣeun gan-an ni."

Ẹ gbọ́ ná: ó dúpẹ́.