Abẹ́rẹ́ Tí Mo Fẹ́ Gbà

N kò gbà á. Gbogbo ará ilé ìfọṣọ ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tán, ó ku èmi nìkan, nọ́ọ̀sì sì ṣì jókòó síwájú níbẹ̀. Láti àárọ̀ ni mo ti ń fi áyọ́ọ̀nù lọ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo yìí. Ó ti gún régé. Mo tún ń lọ̀ ọ́.

"Ẹni tí kò bá gbà á lónìí, kó má padà wá lọ́la!" Orí àga ni ọ̀gá dúró sí tó ń sọ ọ́. Orí àga! Bí ẹni ń bá ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi wí. Ojú mi gan-an ló sì ń wò. Èmi… tí irun ti ń funfun lórí mi.

Ta ló sọ fún un pé mi ò fẹ́? Mo fẹ́ gbà á! Èmi fúnra mi ni mo tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí n lọ gbà á, ó ní kí n dúró de nọ́ọ̀sì. Nítorí Màmá. Dókítà ní èémí Màmá kò tó nǹkan mọ́, pé bí àrùn tí abẹ́rẹ́ yìí ń dènà bá fi lè wọlé tọ̀ ọ́… Ó ní kí gbogbo ẹni tó ń bá a gbé gbà á. Èmi nìkan ló ń bá a gbé. Mo gbọ́, mo sì gbà. Kò sẹ́ni tó nà mí lẹ́gba.

Ṣùgbọ́n kí ẹnìkan wá gun orí àga—

"Lọ́yà, ṣé abẹ́rẹ́ lò ń bẹ̀rù ni? Ká bá ẹ di ojú?" Ìyá tó ń fọ aṣọ funfun nìyẹn. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Torí mo máa ń jiyàn ni wọ́n ṣe ń pè mí ní Lọ́yà. Màá sì jiyàn èyí! Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni wọ́n ń sanwó fún, wọn ò ra awọ ara mi. N kò gbà á. Kí wọ́n lé mi. Kí wọ́n—

Bí ọ̀gá bá wá gun orí àga kan náà, tó ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbà á ńkọ́?

…Màá ti gbà á. Màá ti fo ọgbà lọ gbà á, màá sì ká apá aṣọ sókè kó rí i.

Háà.

Ó ní ọ̀tún, mo lọ sósì. Ká ní ó ní òsì, ọ̀tún ni ǹ bá lọ. Òun náà ló ṣì ń darí mi. Màmá dà nínú ọ̀rọ̀ yìí? Mo dárúkọ rẹ̀ lóòótọ́. Láti fi jiyàn ni.

Inú ṣì ń bí mi. Kò rọ̀ rárá. Nọ́ọ̀sì ti ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. N kò tíì gbà á.