Eyín Ọbabìnrin

Bí Olóyèdé bá ní ọdún tí ogun Tápà parí ni wọ́n bí òun, Lábọ̀dé á ní òun ti ń sáré nígbà náà, òun tilẹ̀ ń ju òkò lu àwọn Tápà. Bí Lábọ̀dé bá ju òkò tirẹ̀ tán, Olóyèdé á rántí pé, àbí kí lòun ń wí, ọdún yẹn kọ́ ni wọ́n bí òun, ọdún yẹn lòun kọ́kọ́ gba ọkọ́.

Ta ni àgbà nínú wọn? Ìbéèrè náà ti sú gbogbo Ìlọ́fà. Ìyàwó àwọn méjèèjì ti kú, ọmọ wọn ti gba Jọ́ọ̀sì àti Kàdúná lọ, ògiri kan ṣoṣo ló sì pààlà ilé wọn. Ẹnìkan kì í kí ẹnìkejì ní "ẹ". "Ìwọ" ni. "O" ni. Èébú ni wọ́n fi ń jí ara wọn láràárọ̀.

Nígbà tó ku ọdún kan kí a gba òmìnira, wọ́n jọ sun òkété kan. Àgbà ló ni orí. Ọ̀rọ̀ bùṣe! Olóyèdé gbá orí òkété mú, Lábọ̀dé gbá ọmọrogùn mú, Olóyèdé fi orí sílẹ̀ ó fa ọmọrogùn, Lábọ̀dé fà á padà, ó já mọ́ ọn lọ́wọ́, ó gbá Olóyèdé lẹ́nu. Kí ọmọrogùn tó balẹ̀, eyín iwájú Olóyèdé ti balẹ̀ ṣíwájú rẹ̀.

Ó fi ewé wé eyín, ó wọ ọkọ̀ akẹ́rù, ó di àgọ́ ọlọ́pàá ní Ọ̀sì. Ohun tó ń fẹ́ kò ju pé kí wọ́n pe Lábọ̀dé, kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó ní "ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú", kí wọ́n jọ wọkọ̀ padà sílé. Ọlọ́pàá kò mọ ìyẹn. Wọ́n lọ mú Lábọ̀dé, wọ́n tì í mọ́lé. Ìbídùnní, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ló ti Òkè-Ọ̀pin wá gba béèlì rẹ̀, ó sì mú un lọ sílé ara rẹ̀. Nígbà tí Olóyèdé wá a débẹ̀, omi tó fi fọ àwo ni Ìbídùnní fi lé e.

Ilé kejì wá dákẹ́. Olóyèdé jí láàárọ̀, ó ní, "Òmùgọ̀!" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó dojú kọ ògiri, ó ní òun dàgbà ju Lábọ̀dé lọ. Ògiri kò jiyàn. Ó ní òun dàgbà ju bàbá Lábọ̀dé pàápàá lọ. Ògiri gbà. Ó jókòó sílẹ̀, ó di àgbà fún ara rẹ̀ nìkan.

Ó padà sí Ọ̀sì lọ bá Kọ́púrà Ṣítù, ọlọ́pàá tó gba ẹjọ́ rẹ̀.

"Ọmọ mi, mo wá gba ẹjọ́ mi padà."

"Ẹjọ́ wo, Bàbá?"

"Ẹjọ́ eyín. Mo ti dárí jì í."

"Ẹ̀yin ti dárí jì í. Ọbabìnrin kò tíì dárí jì í."

"Ọbabìnrin wo?"

"Ti Ìlú Ọba. Ẹjọ́ tó bá ti dọ́wọ́ ọlọ́pàá, tirẹ̀ ni. Ẹlẹ́rìí lásán lẹ̀yin."

"Eyín ta ni Lábọ̀dé ká?"

"Tiyín ni, Bàbá."

"Eyín Ọbabìnrin ńkọ́, ṣé ó pé?"

Kọ́púrà rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀.

"Tí mo bá ní n kò mọ Lábọ̀dé rí?"

"Irọ́ nílé ẹjọ́ nìyẹn. Ẹ̀yin gan-an á wẹ̀wọ̀n."

"Tí mo bá sọ òtítọ́? Èmi ni mo kọ́kọ́ fa ọmọrogùn náà. Ó já mọ́ ọn lọ́wọ́ ni."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Ṣítù. "Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún wa lọ́jọ́sí. Ìyẹn lè yọ ọ́ o! Kí Lábọ̀dé ṣáà ní òun kò jẹ̀bi. Ìgbà náà ni wọ́n máa pè yín kí ẹ rojọ́."

"Lábọ̀dé?" Olóyèdé bú sẹ́rìn-ín, afẹ́fẹ́ gba àyè eyín kọjá. "Lábọ̀dé kò jẹ̀bi rí láyé rẹ̀!"

Lọ́jọ́ ẹjọ́, adájọ́ ti Ìlọrin dé. Olóyèdé jókòó sẹ́yìn, ó ń jẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́nu bí ọmọ tó fẹ́ ka Bíbélì níwájú ìjọ. Wọ́n mú Lábọ̀dé wọlé. Ó ti rù. Ògbufọ̀ kọjú sí i:

"Lábọ̀dé, wọ́n ní o fi ọmọrogùn ṣe Olóyèdé léṣe. Ṣé o jẹ̀bi, àbí o kò jẹ̀bi?"

Lábọ̀dé kò wo ògbufọ̀, kò wo adájọ́. Olóyèdé ló ń wò, àti àyè dúdú tó wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ṣàdédé dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú àpótí ẹlẹ́jọ́ tí kò gbà á, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta.

"Mo jẹ̀bi, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin lẹ̀ ń ṣe àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Irú "mo jẹ̀bi" tí à ń wí níwájú àgbà nìyẹn, kí ìjà lè parí, kí á lè jẹun. Ṣùgbọ́n nígbà tí ògbufọ̀ fi í sí Gẹ̀ẹ́sì, ó kúrú. Kò sí ẹ̀gbọ́n níbẹ̀, kò sí ẹ jọ̀ọ́. Adájọ́ tẹ orí ba, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Olóyèdé fò dìde. "Irọ́ ni! Èmi ni àbúrò! Èmi ni wọ́n bí kẹ́yìn!"

Kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Ṣítù fà á jókòó.

"Ẹ̀rí mi dà? Wọn ò tíì pè mí!"

"Bàbá, ẹni tó bá ti ní òun jẹ̀bi, wọn kì í pe ẹlẹ́rìí sí i mọ́."

Oṣù mẹ́ta. Ẹ̀wọ̀n Ìlọrin.

Níta, wọ́n gbé Lábọ̀dé sẹ́yìn ọkọ̀. Olóyèdé sáré di igi ọkọ̀ mú.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Lábọ̀dé wí, "ẹ máa tọ́jú ara yín o."

"Má pè mí bẹ́ẹ̀! Bú mi! Pè mí ní ọ̀dẹ̀!"

"Àgbẹdọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ darí lọ sílé."

Awakọ̀ ti ń ta ẹ́ńjìnnì jí. Olóyèdé yíjú sí Ṣítù, ó di apá aṣọ rẹ̀ mú.

"Ọmọ mi, nínú gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ Ọbabìnrin, èwo ló kéré jù, tí ènìyàn lè dá níbí báyìí, kí ọkọ̀ yìí tó lọ?"

Kọ́púrà bú sẹ́rìn-ín. Olóyèdé kò bá a rín in. Ó dúró, ó ń retí ìdáhùn.