Ọmọ Mẹ́ta Tí Wòlíì Rí ní Àgọ́ Aláyé

Ẹ fà súnmọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ìtàn tí mo mú wá kò gùn, ṣùgbọ́n ó léegun nínú. Ẹ má gbé e mì kíákíá.

Ohùn orin Moyọ̀sọ́lá ló ń kó èrò wọ ilé àdúrà kan ní Odigbo. Wáífáì ọ̀fẹ́ ilé àdúrà náà ló fi kọ fọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìyá tó bí i. Àfi bí Wòlíì Ọlọ́runtóbi, tó ni ilé àdúrà náà, ṣe nawọ́ sí i lọ́jọ́ Ìsinmi:

"Arábìnrin, mo rí aṣọ funfun! Mo rí ọjọ́ ìbí rẹ, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹjọ. Ikú ń bẹ nílé-ẹ̀kọ́ tí ò ń lọ! Bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ lọ́la, ọjọ́ méje, má kúrò ní Odigbo."

Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni ìdánwò àbáwọlé rẹ̀.

Ara Moyọ̀sọ́lá kò balẹ̀ mọ́. Ó di ẹrù, ó tú u, ó tún un dì. Ta ló lè bá Ọlọ́run jà? Nígbà tí kò lè jókòó mọ́, ó gun ọ̀kadà lọ sí Ore, sọ́dọ̀ Fàtíà ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń tún fóònù ṣe nítòsí gáréèjì. Fàtíà wo ojú-ewé ilé-ẹ̀kọ́ náà, ó ṣe hà.

"Ìwọ yìí náà! Ojú-ewé yìí kò ní àmì àgádágodo lókè. Lẹ́tà tí a kò lẹ̀ ni. Ẹni tó ni wáífáì yín lè kà á lójú ọ̀nà."

"Wòlíì kẹ̀? Fàtíà, má mú mi dẹ́ṣẹ̀!"

"Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọlé. Kọ irọ́ kan síbẹ̀, kí o fi dán an wò."

Moyọ̀sọ́lá padà sí ilé àdúrà. Lórí wáífáì yẹn, ó kọ ìbéèrè sójú-ewé kan náà: "Ọmọ mẹ́ta ni mo fi pamọ́ sí Àgọ́ Aláyé. Ṣé mo lè kó wọn wá?" Kò bímọ rí láyé.

Níbi ìsìn Ọjọ́rú, Moyọ̀sọ́lá dijú. Ó ń bẹ Ọlọ́run kí Wòlíì má sọ nǹkan kan. Wòlíì mi agogo.

"Moyọ̀sọ́lá! Olúwa fi ọmọ mẹ́ta hàn mí, ní Àgọ́ Aláyé!"

Ìyá rẹ̀ figbe ta: "Mo gbé! Ta ló fún ọ lóyún lẹ́ẹ̀mẹta tí n kò rí?"

Moyọ̀sọ́lá kúnlẹ̀. "Bàbá Wòlíì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi Olúwa: kí lorúkọ wọn?"

Wòlíì tún mi agogo, ó ní kí ìjọ dá orin.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Moyọ̀sọ́lá wọ ọkọ̀ ní Ore lọ síbi ìdánwò. Ó ti pa wáífáì, síbẹ̀ ó ń yẹ fóònù wò, ó ń ronú ohun tí Wòlíì tún ti kà nínú rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló sọ ìtàn yìí fún mi níbi tí a ti ń fọ́ kòkó. Bó bá sì ti sọ ọ́ tán, á bi mí léèrè bóyá lóòótọ́ ni kò sí ọmọ kankan ní Àgọ́ Aláyé.