Ọ̀nà Ẹ̀yìn Ilé Ìdáná

Orí àtẹ̀gùn ni inú ti kọ́kọ́ bí Ìyá Ìbejì. Àtẹ̀gùn òkúta funfun ni, òdòdó pupa tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, òkun sì wà nísàlẹ̀, ó ń dán yinrin nínú oòrùn. Ó rẹwà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àga onítáyà ni obìnrin náà jókòó lé, ọ̀pá sì ni Bàbá Ìbejì, ọkọ rẹ̀, fi ń rìn. Kò sí bí àga onítáyà ṣe fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn ọmọ wọn, àwọn ìbejì, ló ní kí wọ́n wá sinmi ní òtẹ́ẹ̀lì etí òkun yìí. Agbẹ̀bí ni ìyá wọn kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó kọlù ú. Obìnrin tó máa ń sáré láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì wá di ẹni tó ń ti ojú fèrèsé wo ayé. Ọmọ wọn obìnrin ti pe òtẹ́ẹ̀lì náà lórí fóònù, ó sì ti bi wọ́n bóyá àga onítáyà lè dé etí omi. Wọ́n ní kó fọkàn balẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti wà ní sẹpẹ́.

Máníjà, géńdé kan tí ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, fọwọ́ pawọ́. "Ẹ má dààmú, Màmá. Àwọn òṣìṣẹ́ wa máa gbé yín sọ̀ kalẹ̀."

"Gbé mi bíi kí ni?"

"Wọ́n á kàn rọra gbé yín, mà. Wọ́n lágbára dáadáa."

"Mo ní bíi kí ni? Ṣé àpò sìmẹ́ńtì ni mí? Ọmọ mi bi yín léèrè, ẹ ò sì sọ fún un pé ẹ máa gbé ìyá rẹ̀ lé èjìká!"

"Ẹ má bínú, mà," ni máníjà wí, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá Ìbejì já lu ọ̀rọ̀. "Kò burú, ọmọ mi. A dúpẹ́ o. Ẹ ṣeun."

Ìyá Ìbejì fi ojú burúkú wo ọkọ rẹ̀ títí wọ́n fi dé yàrá. Bí ilẹ̀kùn ṣe pa dé báyìí, ó jágbe mọ́ ọn.

"Kí lẹ dúpẹ́ fún?"

"Ṣé ká máa jà níbi tí a ti wá gbafẹ́ ni?"

"Mo bi yín, kí lẹ dúpẹ́ fún? Ó purọ́ fún ọmọ yín, ẹ ní ẹ ṣeun. Ó fi mí ṣe ẹrù, ẹ ní kò burú. Ẹ̀yin yìí, bí wọ́n bá gbá yín létí, ẹ ó bi wọ́n bóyá ọwọ́ ò dùn wọ́n!"

Télọ̀ ni Bàbá Ìbejì. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi ń tẹrí ba fún oníbàárà. Ẹni tó sanra lẹ́yìn tí wọ́n ti wọn ara rẹ̀ á gbé ṣòkòtò padà, á ní télọ̀ ló ba aṣọ òun jẹ́, Bàbá Ìbejì á sì bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀bẹ̀ ti mọ́ ọn lẹ́nu. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kọ̀yìn sí i. Láti ojú fèrèsé, wọ́n ń gbọ́ igbe àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́.

Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn dọ́jọ́ kejì. Oúnjẹ dé, wọ́n jẹ, wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ gidi. Nígbà tó sú ọkùnrin náà, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó ní òun fẹ́ nasẹ̀. Ó rọra gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sẹ́yìn ilé ìdáná. Ibẹ̀ ló ti rí obìnrin agbálẹ̀ kan tó ń ti ike ìdọ̀tí ńlá onítáyà. Obìnrin náà ṣí géètì kékeré kan, ó sì ti ike rẹ̀ gba ọ̀nà onísìmẹ́ńtì tó tẹ́jú pẹrẹsẹ, tó ń dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí tó fi dé orí iyanrìn. Kò sí àtẹ̀gùn kankan níbẹ̀.

Bàbá Ìbejì dúró wò ó lọ, ó dúró wò ó bọ̀. Lẹ́yìn náà ló lọ bá máníjà nídìí kántà.

"Ọmọ mi, ọ̀nà kan wà lẹ́yìn ilé ìdáná."

"Háà, Bàbá, ọ̀nà ìdọ̀tí nìyẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ nìkan ló ń gba ibẹ̀."

"Ìyàwó mi lè gba ibẹ̀."

Máníjà rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọ àṣírí. "Bàbá, ibi tí ọ̀nà yẹn já sí gan-an làwọn àlejò ń jókòó sí, tí wọ́n ti ń ya fọ́tò. Wọ́n wá gbádùn ara wọn ni. Wọn ò fẹ́ máa rí... ẹ ṣáà mọ̀."

"Mi ò mọ̀. Rí kí ni?"

"Nǹkan tó máa rán wọn létí àìsàn."

Ìyá Ìbejì wà ní yàrá nígbà tó gbọ́ ariwo. Ó rò pé àwọn ọ̀dọ́ kan ló ń jà. Ó ti yí táyà rẹ̀ jáde kó tó mọ̀ pé ohùn ọkọ òun ni, ohùn tí kò gbọ́ rí láti ìgbà tó ti fẹ́ ẹ. Ọkùnrin náà ń fi ọ̀pá lu kántà gbàgà-gbàgà, itọ́ ń ta lẹ́nu rẹ̀.

"Ìyàwó mi kì í ṣe ìdọ̀tí! Ọmọ tó ti gbẹ̀bí rẹ̀ pọ̀ ju irun orí rẹ lọ! Ìwọ ò ní darúgbó ni? Ṣé orúnkún irin ni wọ́n fún ọ? Mú kọ́kọ́rọ́ géètì yẹn wá, àbí kí n fọ́ gbogbo gíláàsì tó wà níbí!"

Àwọn àlejò ti dúró, wọ́n ń wò. Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu máníjà. "Ẹ rọra, Bàbá, ẹ rọra..."

"Mi ò ní rọra! Mo ti ń rọra láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi!"

Kọ́kọ́rọ́ dé.

Bàbá Ìbejì kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun ti àga náà. Ó gbé ọ̀pá lé itan ìyàwó rẹ̀, ó di ọwọ́ àga mú. Àga ń gbé e ró, òun náà ń tì í. Wọ́n kọjá lára àwọn ike ìdọ̀tí, òórùn ẹja àná gba imú wọn. Níbi tí àwọn àlejò ti ń ya fọ́tò, Ìyá Ìbejì ní kó dúró, ó sì wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan kí i. Àwọn kan gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lórí iyanrìn, táyà rì. Ọkùnrin náà tì í, ó mí hẹlẹ-hẹlẹ, ó bú máníjà, ó tún tì í, títí wọ́n fi dé ibi tí omi ti mú kí iyanrìn le.

Ìgbì kan wá, ó bo ẹsẹ̀ obìnrin náà méjèèjì. Ẹsẹ̀ òsì kò mọ nǹkan kan. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ̀ ọ́n, ó sì fi ìka rẹ̀ wa iyanrìn. Ọkọ rẹ̀ ṣì ń kùn.

"Inú yín ò tíì rọ̀?" ni Ìyá Ìbejì bi í.

"Kò tíì rọ̀."

"Tèmi náà ò tíì rọ̀. Ẹ jẹ́ ká dúró kí ìgbì mìíràn dé."

Ojoojúmọ́ ni wọ́n gba ọ̀nà náà títí ìsinmi wọn fi parí. Máníjà gbé abọ́ èso ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n forí jin òun. Ìyá Ìbejì jẹ èso náà tán pátá, ó lá ìka, ó sì ní kí wọ́n bá òun sọ fún un pé èso dùn, ṣùgbọ́n òun ò tíì forí jì í.